Inṣọ́ránsì ọkọ̀ lẹ́yìn DWI (ẹ̀sùn mímu ọtí wakọ̀) ní Texas: ohun tí mo ṣe, àti ohun tí ǹ bá má ṣe

Lẹ́tà tó já mi láyà jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti kóòtù. Ti inṣọ́ránsì ni. Ọjọ́ Sátidé ló dé, nínú àpòòwé funfun tó ní fèrèsé ọ̀rá níwájú. Mo rò pé ìpolówó ni, mo jù ú sórí fíríìjì. Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Tómi já a. Ó kà á tán, kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ mi. $840 tí a ń san fún oṣù mẹ́fà ti di $1,710. Camry 2012 kan náà ni o. A ò kọlu ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì kọlù wá.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, mo mu ọtí níbi ìkómọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston. Mo ní ilé mi ò jìnnà, mo kó sínú ọkọ̀. Ọlọ́pàá dá mi dúró. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sí gbé 0.11 jáde, bẹ́ẹ̀ 0.08 ni òfin Texas fi ààlà sí. Mo jẹ̀bi, mi ò ní àwáwí. Oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni adájọ́ dá ẹjọ́ mi: ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́ta, owó ìtanràn, wọ́n sì gba láísẹ́ǹsì mi fún àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Látìgbà náà, kò sí oṣù tí ẹnì kan kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn pé, “Bọ̀dá, ẹnì kan wà tí mo mọ̀ o, DWI ni wọ́n bá a…” Mo ti mọ ẹni náà. Òun náà ló dúró síwájú mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí. Òfin Texas ni mo mọ̀, òun ni mo sì ń sọ. Ní Florida àti Virginia, ìwé tí wọ́n ń pè ní FR-44 ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mu ọtí wakọ̀, ó sì máa ń fẹ́ kí inṣọ́ránsì rẹ̀ tóbi ju ti ará ìlú yòókù lọ. New York kì í tilẹ̀ lo SR-22 tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí rárá. Ẹni tí kò bá sí ní Texas, kó wo ti ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ó dìgbà tí adájọ́ bá lu tábìlì kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. DPS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ní Texas, ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ALR ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn tó sì kọjá ààlà, wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì yín fún 90 ọjọ́. Tí ẹ bá kọ̀ tí ẹ ò fẹ́ ẹ, 180 ọjọ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún yín ní ìwé rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ ní láti fi béèrè pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu yín. Tí ẹ ò bá béèrè, tó bá di ogójì ọjọ́, láísẹ́ǹsì ti lọ nìyẹn.

Kí ló kan inṣọ́ránsì níbẹ̀? Àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ yín ni àwọn iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ń wò kí wọ́n tó dá iye lé yín. Tí DPS bá ti gba láísẹ́ǹsì, ó ti wọ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ pé kóòtù ò tíì pe ẹjọ́ yín rárá. “Wọn ò tíì dá mi lẹ́bi” ò ní gbà yín lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ kejìlá ni lọ́yà mi fi ìwé tèmi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, ì bá ti kọjá, torí abẹ́ àwọn aṣọ mi ni mo tọ́jú ìwé náà sí. Ìtìjú ni.

Owó kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń pò mọ́ inṣọ́ránsì: $3,000 tí ìjọba Texas ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi DWI nígbà àkọ́kọ́. Tí ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bá tó 0.15, $6,000 ni. Ìtanràn nìyẹn, kò bá inṣọ́ránsì tan. Ó rọ́pò owó ọdọọdún kan tí ìjọba fòpin sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Tí ajẹ́ǹtì inṣọ́ránsì kankan bá ní òun lè bá yín dín in kù, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

SR-22

SR-22 kì í ṣe inṣọ́ránsì. Ìwé ẹ̀rí ni. Iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì yín ló máa fi í ránṣẹ́ sí DPS, ohun tó sì ń sọ kò ju méjì lọ: pé Lágbájá ní inṣọ́ránsì lọ́dọ̀ wa, àti pé lọ́jọ́ tí kò bá ní in mọ́, a ó sọ fún yín. Ẹ fi gbólóhùn kejì yẹn sọ́kàn. Òun ló padà jẹ mí níyà.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ò wọ́n, $25 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Inṣọ́ránsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló wọ́n. Ó gbọ́dọ̀ tó èyí tó kéré jù tí òfin Texas gbà, tí àwọn ajẹ́ǹtì ń pè ní 30/60/25: $30,000 fún ìtọ́jú ẹnì kan tí ẹ bá ṣe léṣe, $60,000 fún gbogbo àwọn tó bá fara pa nínú ìjàǹbá kan, $25,000 fún ọkọ̀ tàbí ohun ìní tí ẹ bá bàjẹ́. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń béèrè ìwé yìí ní Texas, láti ọjọ́ tí wọ́n bá dáni lẹ́bi. Ẹ má kà á láti ọjọ́ tí ọlọ́pàá mú yín, ẹ má sì kà á láti ọjọ́ tí ẹ ra inṣọ́ránsì.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, bọ́ọ̀sì kì í sì í dé àdúgbò wa lálẹ́. Lọ́yà ní kí n lọ bẹ kóòtù fún láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní occupational, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn lè wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ àti síbi tó bá pọn dandan. Mo rí i gbà, ṣùgbọ́n wọn kì í fún èèyàn láìsí SR-22. Torí náà, ẹni tó ń sọ pé òun á dúró kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé kóun tó ronú inṣọ́ránsì, iṣẹ́ á ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀, tàbí tó ti ta ọkọ̀ rẹ̀ san owó lọ́yà, òun náà lè gba SR-22. Inṣọ́ránsì kan wà tí wọ́n ń pè ní non-owner, èèyàn tí kò ní ọkọ̀ lórúkọ ara rẹ̀ ló wà fún. Ó sábà máa ń dín owó ju ti ọlọ́kọ̀ lọ.

Ẹ pè kiri, ẹ má fi ìbínú pa èyí tó wà nílẹ̀

Nígbà tí mo rí $1,710 yẹn, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n pè wọ́n, kí n ní mi ò ṣe mọ́. Ìyá Tómi ló fún mi ní nọ́ńbà obìnrin Yorùbá kan tó ń bá iléeṣẹ́ bíi mẹ́jọ ta inṣọ́ránsì. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

“Bàbá Tómi, ẹ ò tíì fagi lé ti tẹ́lẹ̀, àbí?”

“Rárá, mà. Àárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ pè wọ́n.”

“Ẹ má pe ẹnikẹ́ni o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ máa sùn kí ẹ tó jáde nílé.”

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo jókòó, mo kọ ohun tí wọ́n máa bi mí sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà: ọjọ́ tí wọ́n mú mi, ọjọ́ ìdájọ́, 0.11, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà gígùn tó wà lára gíláàsì iwájú ọkọ̀, àti orúkọ gbogbo àgbàlagbà tó ń gbé nílé wa. Inṣọ́ránsì kan náà ni mo ní kí gbogbo wọn bá mi dá iye lé, mi ò sì yí i padà fún ẹnikẹ́ni. Èyí ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá béèrè 30/60/25 lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹ wá béèrè èyí tó tóbi jù ú lọ lọ́wọ́ ẹnì kejì, ẹ̀fọ́ àti ẹran lẹ ń fi wéra.

Nínú márùn-ún tí a pè, méjì ní àwọn ò fẹ́. Ẹnì kan ní $2,480. Òmíràn ní $1,940. Ìkarùn-ún ní $1,395. Èmi kan náà, ọkọ̀ kan náà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tó fi ń wo DWI. Ẹlòmíràn kì í fẹ́ rí i sójú, ẹlòmíràn àwọn bíi tiwa gan-an ló ń wá. Iléeṣẹ́ tó wọ́n jù fún yín lónìí lè jẹ́ èyí tó dín owó jù nígbà tí ẹ kò tíì lẹ́jọ́, torí náà orúkọ tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má purọ́ fún wọn. Mo mọ ọkùnrin kan tó tẹ “rárá” síbi tí wọ́n ti béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti dá a lẹ́bi rí. Iye tó jáde wú u lórí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n fagi lé e. Èyí tó burú jù ni tí irọ́ náà bá dé ọjọ́ ìjàǹbá, torí wọ́n lè kọ̀ láti san.

Tí gbogbo wọn bá kọ̀ yín ńkọ́? TAIPA wà. Ètò kan ni ní Texas tó ń pín àwọn awakọ̀ tí wọ́n ti kọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì. Iléeṣẹ́ méjì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ ti kọ̀ yín kí ẹ tó lè gbà á, ajẹ́ǹtì ló sì ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe bí ẹ bá fi kọlu nǹkan, ó sì sábà máa ń wọ́n. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́.

Àwọn tó ń gbé inú ilé

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká ilé Yorùbá mọ́ nìyí. A máa ń gbé pọ̀. Àbúrò ìyàwó, ọmọ ẹ̀gbọ́n, màmá tó wá bá wa tọ́jú ọmọ. Gbogbo ẹni tó bá ti tó wakọ̀ nínú ilé ni iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì máa béèrè orúkọ wọn, yálà wọ́n fọwọ́ kan ọkọ̀ yín tàbí wọn ò fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn sí yín lọ́rùn náà ni wọ́n ń ka tiyín sí wọn lọ́rùn.

Ìyàwó mi ní ọkọ̀ tirẹ̀, Highlander, inṣọ́ránsì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Oṣù kan lẹ́yìn lẹ́tà tèmi, lẹ́tà tirẹ̀ dé: owó òun náà máa lọ sókè torí pé a jọ ń gbé, àyàfi tó bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní 515A. Fọ́ọ̀mù náà ò ju ojú ewé kan lọ. Ohun tó sọ ni pé tí èmi tí orúkọ mi wà níbẹ̀ bá wa ọkọ̀ yẹn, kò sí inṣọ́ránsì lórí ẹ̀ rárá, kò sí fún èmi, kò sí fún òun. Ó fọwọ́ sí i lórí tábìlì ìdáná, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ Highlander kúrò lára ìṣó tí a ń fi tèmi kọ́.

Mo rò pé eré ni títí di òru ọjọ́ kan tí ara Tómi gbóná. Highlander ló wà lẹ́yìn, ó dínà mọ́ Camry. Èmi tí mo ti wọ bàtà dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo Ìyá Tómi tó ń fi aṣọ orun gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò fún mi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò lè gbé e kúrò, ìbáà jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí 515A, mo fara mọ́ ọn, ó dáàbò bo owó ìyàwó mi. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn. Ẹni tó bá máa fọwọ́ sí i tán kó tún máa wa ọkọ̀ náà lọ ra búrẹ́dì, kó má fọwọ́ sí i.

Bí mo ṣe jẹ́ kó já

Oṣù Kejì ọdún 2023. Oṣooṣù ni mò ń san owó, láti ara káàdì báńkì, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Káàdì yẹn kú lóṣù Kìíní. Báńkì fi tuntun ránṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, mi ò rántí inṣọ́ránsì. Ìkìlọ̀ wọn ń wọ ímeèlì kan tí mo ti pa tì látìgbà tí mo ti kúrò níbi iṣẹ́ àtijọ́. Wọ́n fagi lé e. Gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn kejì inú SR-22 ṣe wí, wọ́n sọ fún DPS.

Lẹ́tà DPS ló jẹ́ kí n mọ̀. Nígbà tí mo ka ọjọ́, mo ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láìní inṣọ́ránsì. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ní Texas lè wo TexasSure, àkójọ tí ìjọba fi ń mọ ọkọ̀ tó ní inṣọ́ránsì àti èyí tí kò ní. Ọlọ́run ló ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé mi lẹ́yìn lálẹ́ wọ̀nyẹn. $100 ni mo san fún DPS kí wọ́n tó dá láísẹ́ǹsì padà, mo sì gba SR-22 tuntun. $1,395 di $1,640, torí pé lójú inṣọ́ránsì, ẹni tí tirẹ̀ já lẹ́yìn DWI jẹ́ ẹni eléwu ní ìlọ́po méjì. Mo pè wọ́n, mo jà. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ka ọjọ́ tí wọ́n fi ímeèlì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi létí, mẹ́rin ni. Mo dákẹ́.

Nítorí náà: tí ẹ bá lágbára ẹ̀, ẹ san oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ ò bá lágbára ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jáde látinú àkáǹtì báńkì fúnra rẹ̀, kì í ṣe látara káàdì, torí káàdì ń kú. Ẹ fún wọn ní ímeèlì tí ẹ ń kà àti nọ́ńbà fóònù ìyàwó tàbí ọkọ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn, SR-22 tuntun gbọ́dọ̀ ti dé DPS kí ẹ tó fagi lé ti àtijọ́. Tí méjèèjì bá jọ wà fún ọjọ́ mélòó kan, owó kékeré ló bá a lọ. Tí àlàfo ọjọ́ kan bá wà láàárín wọn, ẹ ti ka tèmi.

Ohun tó dín owó kù, àti èyí tí mi ò gbà

Camry mi ò sí lábẹ́ gbèsè, ó sì ti gbó. Mo yọ apá tó ń tún ọkọ̀ tèmi ṣe kúrò, mo fi èyí tó ń san fún ẹni tí mo bá kọlù sílẹ̀, mo sì jẹ́ kó ga ju 30/60/25 lọ díẹ̀, torí $25,000 ò lè ra ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lójú títì lónìí. Ẹni tó ṣì ń san gbèsè ọkọ̀ kò lè yọ apá yẹn, báńkì ò ní gbà.

Kírẹ́díìtì ká mi mọ́ níbi tí mi ò retí. Texas gba àwọn iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì láàyè láti wo bí èèyàn ṣe ń san gbèsè. Lórí káàdì ni mo san owó lọ́yà sí, mo kún un dé ẹnu. Bí mo ṣe ń san án wálẹ̀ ni iye inṣọ́ránsì náà ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kíláàsì ìwakọ̀ wákàtí mẹ́fà náà máa ń mú ẹ̀dínwó wá lọ́dọ̀ àwọn kan, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó rẹ̀. Kíláàsì DWI tí kóòtù ń rán èèyàn lọ, ìyẹn ọ̀tọ̀, má retí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Áàpù orí fóònù tó ń ṣọ́ bí èèyàn ṣe ń wakọ̀, mi ò gbà á. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo máa ń jáde nílé, púpọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ló sì ka ìwakọ̀ òru sí àléébù. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán lè jèrè rẹ̀.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀

Aago méjì ló ń kà, wọn ò sì jọ ń rìn. Ti SR-22 jẹ́ ọdún méjì. Ti iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, bí wọ́n bá ṣe ń wo ẹ̀yìn tó. Ìdájọ́ náà gan-an kì í dédé kúrò nínú àkọsílẹ̀ kóòtù, ohun tó ń rọlẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi í dá iye lé yín.

Tèmi pé ọdún méjì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Kò sẹ́ni tó pè mí. Èmi ni mo béèrè lọ́wọ́ DPS pé ṣé wọ́n ṣì nílò SR-22 lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní rárá, mo wá pe inṣọ́ránsì pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ má yọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ látẹnu DPS o. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tó pé ọdún mẹ́ta, mo tún pe obìnrin Yorùbá yẹn ní oṣù kan ṣáájú kí tèmi tó parí, mo ní kó bá mi pè kiri lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ̀ wá ní 2022 ló gbà wá, $1,085 fún oṣù mẹ́fà. Ó ṣì ju $840 lọ. Oṣù Karùn-ún ọdún 2027 ni mo tún sàmì sí, ó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà kan náà, lára fíríìjì.